Ohun mẹ́ta tó wà nínú èéfín sìgá, àti ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi ara ṣe

Gbogbo wa la mọ gbólóhùn yẹn. Láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń polówó sìgá lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, bí orin bá ti ń parí lọ, ohùn kan á sáré sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀: ilé-iṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ ń kìlọ̀ pé ẹni tó bá ń mu sìgá lè kú ní rèwerèwe. Ẹni tó ń ta sìgá mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń rà á mọ̀ ọ́n, ọmọdé tí wọ́n rán lọ rà á náà mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọn kò sọ fún wa ni ọ̀nà tó ń gbà pa èèyàn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dàrú. Ẹnì kan á ní òun kì í mu ju ẹyọ kan lọ lójúmọ́. Òmíràn á ní èyí tó ní mẹ́ńtọ́ọ̀lù lòun ń mu, kò le bíi ti tẹ́lẹ̀. Òmíràn á ní ṣíṣà ni tòun, omi ti fọ èéfín rẹ̀. Ẹlòmíràn á sì rántí bàbá àgbà kan tó fi ìkòkò mu tábà títí ó fi lé ní ọgọ́rin ọdún.

Ẹni tó bá mọ ohun mẹ́ta tó wà nínú èéfín náà lè dá gbogbo wọn lóhùn fúnra rẹ̀. Ọ̀kan ń de èèyàn mọ́lẹ̀, ọ̀kan ń gba àyè atẹ́gùn nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀kan ń ba ẹran ara jẹ́. Nikotíìnì, kábọ̀n mònósáìdì àti ọ̀dà lorúkọ wọn. Kò sí èyí tó ń ṣe iṣẹ́ èkejì. Gbogbo ọgbọ́n tí àwọn amusìgá ń dá, ihò kan ló máa ń dí, méjì tó kù á ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Kí ló wà nínú ẹyọ sìgá kan?

Ewé tábà gbígbẹ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí kì í sábà ju gíráàmù kan lọ, bébà fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi wé e, àti ìdí tó rí bí òwú, tí a ń pè ní fílítà. Fílítà yẹn kì í ṣe òwú o, irú ike kan ni, ìdí nìyẹn tí ìdí sìgá inú gọ́tà kì í fi í jẹrà bí ewé.

Ewé nìkan kọ́ ni wàhálà náà, iná ni. Nígbà tí èèyàn bá ń fa sìgá, ẹnu ibi tó ń jó lè gbóná tó 900 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì. Nínú ooru bẹ́ẹ̀, ewé á túká, á sì di ohun tí kò sí nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kẹ́míkà tí wọ́n ti kà nínú èéfín náà ju 7,000 lọ, ó kéré tán bíi 70 nínú wọn ló ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Fọ́málíìnì tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ní mọ́ṣúárì wà níbẹ̀. Bẹ́nsíìnì tó wà nínú epo bẹtiróòlù wà níbẹ̀. Kádíọ́mù tí wọ́n fi ń ṣe irú bátìrì kan wà níbẹ̀, àti ásẹ́níìkì, májèlé tó lókìkí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iléeṣẹ́ ló ń da ìwọ̀nyí pọ̀ mọ́ tábà. Rárá. Iná ló ń ṣe púpọ̀ jù nínú wọn, irúgbìn náà sì ń fa kádíọ́mù àti ásẹ́níìkì láti inú ilẹ̀. Torí náà, ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ wé tábà tí kò ní àbùlà kankan, èéfín kan náà ló ń mu. Ẹni tó ń mu igbó pẹ̀lú kò bọ́ nínú ọ̀dà àti kábọ̀n mònósáìdì, torí ewé tó jó ni ewé tó jó.

Nikotíìnì: kí ló dé tí kò fi ṣeé fi sílẹ̀?

Nikotíìnì ni tábà fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ kòkòrò. Àwọn àgbẹ̀ pàápàá ti fi omi tábà pa kòkòrò ara irúgbìn rí. Àwọn tó ń gbìn ín, bíi ti Ìṣẹ́yìn àti agbègbè Òkè-Ògùn, kò nílò kí wọ́n tanná ràn án kó tó bá wọn jà: ẹni tó bá ń ká a nígbà tí ìrì tàbí òjò ṣì wà lórí ewé lè máa bì, kí òòyì máa kọ́ ọ, kí orí máa fọ́ ọ, nítorí nikotíìnì ń gba awọ ara wọlé.

Bí èèyàn bá fa èéfín sínú, kò gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá sí ogún lọ kí nikotíìnì tó dé ọpọlọ. Ẹ fojú inú wo ọpọlọ bí ilé tó ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn, tí ara sì ń ṣe kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ fún wọn. Ayédèrú kọ́kọ́rọ́ ni nikotíìnì. Ó bá ihò mu, ó ṣí ilẹ̀kùn, ọpọlọ sì tú ohun kan tó ń mú inú èèyàn dùn jáde, dópámíìnì lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í lu ihò kọ́kọ́rọ́ tuntun kún ti àtijọ́. Láàárín wákàtí méjì, ìdajì nikotíìnì á ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ihò á ṣófo. Inú á máa bí ẹni náà láìnídìí, ọkàn rẹ̀ kò ní lélẹ̀, kò ní lè dojú kọ iṣẹ́ kan pàtó. Ó tanná ran òmíràn, ara rọ̀ ọ́.

Ibí ni ọ̀rọ̀ "sìgá ń tù mí lára" ti wá. Kì í ṣe irọ́, ó ń tù ú lára lóòótọ́. Àmọ́ ìnira tí sìgá àárọ̀ fi sílẹ̀ ni sìgá ọ̀sán ń tù. Owó gbọ́mú-lé-lántà gan-an ni: èèyàn ń yá ti òní láti fi san èlé ti àná, inú rẹ̀ sì ń dùn pé òun rí owó gbà. Bó ṣe di bárakú nìyẹn. Ìwà burúkú tàbí àìgbọ́n kò sí nínú rẹ̀, ọpọlọ ló ti yí padà.

Nikotíìnì kọ́ ló ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni gbogbo ayé ń dárúkọ. Ó ń mú kí ọkàn sáré, ó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún, ìwọ̀n ìfúnpá sì ń gòkè fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tó tóbi jù ni pé òun ló ń pe àwọn méjì yòókù padà. Bí a bá ka fífà mẹ́wàá sí ẹyọ kan, ẹni tó ń mu páálí kan lójúmọ́ ń fa èéfín nígbà 200 lóòjọ́, nígbà 73,000 lọ́dún kan.

Kábọ̀n mònósáìdì: èéfín jẹnẹrétọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀

Èyí kì í ṣe àjèjì sí wa. Òun ló wà nídìí ìròyìn ìdílé tó gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n sùn tí wọn ò jí mọ́. Kò láwọ̀, kò lóòórùn. Èéfín sìgá ní i, kò kàn pọ̀ tó ti jẹnẹrétọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀jẹ̀ wé ọkọ̀ dáńfó. Láti ẹ̀dọ̀fóró ló ti ń gbé èrò, ìyẹn atẹ́gùn ọ́síjìn, lọ sí gbogbo bọ́sítọ́ọ̀pù ara: ọpọlọ, ọkàn, ẹsẹ̀, ojú. Ọ́síjìn máa ń sọ̀ níbi tí wọ́n bá ti nílò rẹ̀, ọkọ̀ á sì padà lọ gbé òmíràn. Kábọ̀n mònósáìdì jẹ́ èrò tó wọkọ̀ tí kò sọ̀. Agbára tó fi ń di ìjókòó mú ju ti ọ́síjìn lọ nígbà 200. Bí èèyàn bá ń mí afẹ́fẹ́ tó dára, ó tó wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò, kó tó sì dìgbà yẹn, amusìgá ti fa bíi mẹ́rin mìíràn. Lára ẹni tó ń mu ún gan-an, ìjókòó tí kábọ̀n mònósáìdì gbà lè tó 10 nínú 100. Ìdí nìyẹn tí ọ̀dọ́kùnrin tí kò ṣàìsàn á fi gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan tán, tí á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá ọdẹ.

Ẹ wá wo ọkàn láàárín àwọn méjèèjì yìí. Nikotíìnì ń pa á láṣẹ pé kó sáré, kábọ̀n mònósáìdì sì ń gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn kẹ́míkà yòókù ń họ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá ń lẹ̀ mọ́ ojú ibi tó họ, ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ń ki, ó sì ń tètè dì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì sínú iṣan tó ń bọ́ ọkàn, ọkàn lè dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Bó bá jẹ́ ti ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ ti ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ lè kú títí wọ́n á fi gé e, pàápàá lára ẹni tó ní àtọ̀gbẹ. Iṣan tó ń lọ sí nǹkan ọmọkùnrin tún tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti ọkàn lọ, ó sì lè jẹ́ ibẹ̀ ni nǹkan yóò ti kọ́kọ́ dí. Ọkùnrin tó ń ra agbo kiri nítorí àìlera yẹn, tí sìgá sì wà lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe ń náwó fún eléwé ọmọ, ó yẹ kó mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ ló ń ránṣẹ́ sí i.

Ọ̀dà: ohun tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró

Bí èéfín bá tutù, ohun aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó ń lẹ̀ típẹ́típẹ́ ló máa ń kù. Òun là ń pè ní ọ̀dà, inú rẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú àwọn kẹ́míkà jẹjẹrẹ wà. Ẹni tó ń mu sìgá lè rí i fúnra rẹ̀. Kó fa èéfín sẹ́nu, kó má gbé e mì, kó fẹ́ ẹ gba inú áńkíṣíìfù funfun. Kó tún fa òmíràn, kó gbé ìyẹn wọ inú lọ dáadáa, kó wá fẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́. Àbàwọ́n kejì kì í ṣú tó ti àkọ́kọ́. Èyí tó dín níbẹ̀ ti dúró sínú àyà.

Nínú ọ̀nà tí èémí ń gbà, irun tíntìntín kan wà tó ń gbá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti eruku sókè lọ́sàn-án lóru, bí àwọn agbálẹ̀ ojú títì Èkó. Èéfín ń rọ àwọn irun náà lápá rọ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀. Lóru, nígbà tí amusìgá bá sùn, wọ́n á tají díẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìdọ̀tí á wá kóra jọ sókè nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ikọ́ òwúrọ̀ tí amusìgá ń wú nìyẹn. Òun náà á wá tanná ran sìgá kan kí ikọ́ náà lè lọ. Ikọ́ lọ lóòótọ́, nítorí pé ó ti tún lu àwọn agbálẹ̀ pa.

Ìdí kan náà ló fà á tí ikọ́ fi máa ń pọ̀ sí i fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí èèyàn bá jáwọ́. Ọ̀pọ̀ ló ti torí èyí padà sídìí sìgá, wọ́n á ní ara àwọn kò gba àìmu. Àwọn agbálẹ̀ ló padà sẹ́nu iṣẹ́, ìdọ̀tí ọdún mẹ́wàá ni wọ́n sì ń kó. Àmọ́ bí ẹ̀jẹ̀ bá bá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde, ilé ìwòsàn ló kàn, yálà èèyàn ti jáwọ́ tàbí kò tíì jáwọ́. Amusìgá tún sún mọ́ ikọ́ ife ju ẹlòmíràn lọ dáadáa, èyí sì jẹ́ àrùn tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa.

Nísàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, àwọn àpò atẹ́gùn kéékèèké wà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù. Bí fóòmù tuntun ni wọ́n rí: ẹ tẹ̀ ẹ́, ó gbéra padà. Èéfín ń jẹ ògiri àárín wọn títí tí àpò mẹ́wàá á fi di àpò ńlá kan tó rọ̀ jọwọrọ, bíi fóòmù tó ti gbó. Afẹ́fẹ́ á wọlé, kò ní lè jáde tán. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ máa ń dìde jókòó lóru kó tó lè mí. Nínú gbogbo ohun tí sìgá ń bàjẹ́, èyí ni mo kà sí ìkà jù, nítorí àpò tó bá ti fọ́ kì í padà. Ohun tí ìjáwọ́ lè ṣe ni kó dá èyí tó kù sí.

Ní ti jẹjẹrẹ, sẹ́ẹ̀lì ara kọ̀ọ̀kan ní ìwé ìlànà tó ń tẹ̀ lé. Kẹ́míkà inú ọ̀dà ń pa lẹ́tà inú ìwé náà rẹ́. Ara ń tún un kọ, ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni ìparẹ́ ń wáyé. Lọ́jọ́ kan, ojú ewé tí wọ́n kọ "dúró, má pọ̀ sí i mọ́" sí á bàjẹ́, sẹ́ẹ̀lì yẹn á sì máa pọ̀ láìdúró. Ó sábà máa ń gba ogún sí ọgbọ̀n ọdún. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ti mu ún fún ọdún márùn-ún fi ń sọ pé nǹkan kan ò ṣe òun. Ẹ̀dọ̀fóró nìkan kọ́ ló sì wà fún o. Ẹnu, ọ̀nà ọ̀fun, ikùn, àmọ́ inú (èyí tí òyìnbó ń pè ní pancreas), kíndìnrín, ẹnu ilé ọmọ. Àpò ìtọ̀ pàápàá wà nínú rẹ̀, torí kíndìnrín ń sẹ́ májèlé náà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, inú àpò ìtọ̀ ló sì ń jókòó sí títí èèyàn á fi tọ̀.

Ẹyọ kan lójúmọ́ ńkọ́?

Ìṣirò tí gbogbo èèyàn ń ṣe nìyí: bí 20 bá léwu, ẹyọ 1 léwu níwọ̀n ìdá kan nínú ogún. Ó bọ́gbọ́n mu, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ fún ọkàn. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ kó àbájáde ìwádìí 141 jọ, wọ́n sì rí i pé ẹni tó ń mu ẹyọ kan péré lójúmọ́ ti gba bí ìdajì ewu àrùn ọkàn tí ẹni tó ń mu 20 ń gbà.

Ẹni tó bá ti rí bí àwọn Fúlàní ṣe ń ṣe wàrà á tètè lóye èyí. Omi ewé bomubomu díẹ̀ ló ń mú odidi ìkòkò mílíìkì dì. Bí wọ́n bá da ìlọ́po ogún rẹ̀ sí i, wàrà náà kò ní dì ní ìlọ́po ogún. Bí ẹ̀jẹ̀ àti iṣan rẹ̀ ṣe ń ṣe sí èéfín nìyẹn: díẹ̀ ti tó láti mú un ki. Ti jẹjẹrẹ yàtọ̀, iye ẹyọ ń ká níbẹ̀, àmọ́ iye ọdún ń ká jù ú lọ. Dídín in kù dára bó bá jẹ́ ọ̀nà àtijáwọ́. Bó bá jẹ́ ibi tí èèyàn fẹ́ dúró sí ni, ọkàn rẹ̀ kò tíì bọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan yìí kan òfin pẹ̀lú. Òfin àpapọ̀ Nàìjíríà tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2015 ní wọn ò gbọdọ̀ ta sìgá fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, wọn ò sì gbọdọ̀ tú páálí ta ní ẹyọ-ẹyọ. Páálí tó kéré jù gbọ́dọ̀ ní 20. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ títì. Òfin náà nídìí: owó ẹyọ kan kò ju agbára ọmọ iléèwé lọ, ẹni tó bá sì ra ẹyọ kan kì í rí ìkìlọ̀ ara páálí.

Fílítà, mẹ́ńtọ́ọ̀lù àti ṣíṣà

Fílítà ń gba díẹ̀ nínú ọ̀dà, kò gba kábọ̀n mònósáìdì rárá. Àwọn sìgá tí wọ́n ń pè ní "light" tàbí "mild" ní ihò tíntìntín yí ìdí wọn ká. Bí ẹ̀rọ bá ń fa á ní ilé àyẹ̀wò, afẹ́fẹ́ ń gba ihò náà wọlé, ọ̀dà tó hàn lórí ìwé á kéré. Ẹnu èèyàn kì í ṣe ẹ̀rọ. Ètè àti ìka á bo ihò, bí nikotíìnì kò bá sì tó ọpọlọ, ẹni náà á fa á jinlẹ̀ sí i, á tún fa á lemọ́lemọ́. Ìdí nìyẹn tí Amẹ́ríkà fi ṣòfin ní ọdún 2009 pé kí wọ́n yọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kúrò lára páálí.

Ti mẹ́ńtọ́ọ̀lù tilẹ̀ burú jù. Bí súìtì TomTom ló ṣe ń mú ọ̀fun tutù, ọ̀fun kò ní mọ̀ pé èéfín ń ta òun, èèyàn á sì gbé e mì wọnú lọ ṣinṣin. Àwọn ọmọdé tí sìgá lásán ì bá lé sá ni ó ń fà mọ́ra. Ilẹ̀ Yúróòpù fòfin dè é ní oṣù karùn-ún ọdún 2020.

Omi inú ṣíṣà ń mú èéfín tutù ni, kò fọ̀ ọ́. Èédú tó ń jó lórí rẹ̀ tún ń fi kábọ̀n mònósáìdì tirẹ̀ kún ti tábà. Ní ìjókòó wákàtí kan, èéfín tí èèyàn ń fà lè tó ìlọ́po 100 sí 200 ti ẹyọ sìgá kan. Ti sìgá abánáṣiṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní vape yàtọ̀ díẹ̀: kò jó ewé, kò sí ọ̀dà bíi ti sìgá, májèlé rẹ̀ sì kéré sí i, àmọ́ nikotíìnì wà nínú púpọ̀ jù nínú wọn, bárakú sì ni. Kì í ṣe ohun tí ẹni tí kò mu sìgá rí ń gbé sẹ́nu.

Bàbá àgbà tó mu tábà tó dàgbà

Wọ́n wà lóòótọ́. Ìkòkò ni púpọ̀ nínú wọn ń lò, èéfín ìkòkò sì ń ta ọ̀fun débi pé ẹnu ló máa ń mọ, kì í sábà wọ àyà. Tábà inú sìgá ni wọ́n ṣe tó fi rọrùn láti gbé mì. Kì í ṣe pé ìkòkò kò lẹ́bi o, jẹjẹrẹ ètè àti ẹnu wà fún un, áṣáà náà sì ní tirẹ̀.

Èyí tó ṣe kókó ju ìyẹn ni pé àwọn tó kù láyé nìkan là ń rí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sá sọdá márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lábẹ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí wọn kò gùn, wọ́n sì ń délé. Àwọn tí mọ́tò gbá kò sí níbẹ̀ láti sọ tiwọn. Ẹni tó ka gbogbo wọn pọ̀ ló lè sọ òótọ́. Ní ọdún 1951, àwọn onímọ̀ ìwádìí méjì, Richard Doll àti Austin Bradford Hill, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn dókítà ọkùnrin tó ju 34,000 lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tẹ̀ lé wọn fún àádọ́ta ọdún. Àbájáde tó jáde ní ọdún 2004 fi hàn pé amusìgá tí kò jáwọ́ pàdánù nǹkan bí ọdún mẹ́wàá nínú ẹ̀mí rẹ̀. Ó kéré tán, ìdajì wọn ni sìgá pa. Bàbá àgbà wà nínú ìdajì kejì.

Àwọn tó yẹ kó sá fún un jù

Aboyún ló ṣáájú. Kábọ̀n mònósáìdì ń gba ibi ọmọ kọjá, ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú sì ń dì í mú ju ti ìyá lọ. Ìwọ̀n ọmọ náà sábà máa ń dín ní nǹkan bíi gíráàmù 200, oṣù rẹ̀ lè má pé, ó sì lè kú sínú. Obìnrin tó ti lé ní ọdún 35, tó ń mu sìgá, tó sì ń lo oògùn oníhóró fún ìfètò-sọ́mọ-bíbí, kó tètè lọ bá nọ́ọ̀sì kí wọ́n yí i padà fún un, torí ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú iṣan rẹ̀.

Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn, kódà èéfín ẹlòmíràn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní ọ́síjìn àfitọrẹ, àìtó ọ́síjìn gan-an ló sì ń sọ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ di dòjé, tí ìrora á fi dé. Ó lè kọ lu àyà, ìyẹn sì ń pa èèyàn.

Èéfín tó ń jáde lẹ́nu iná sìgá kò gba inú fílítà kankan kọjá, òun sì ni ẹni tó jókòó tini ń mu. Fèrèsé ṣíṣí kò tó láti kó o jáde. Òtútù àyà, ikọ́ fée àti etí dídùn ń pọ̀ sí i lára àwọn ọmọ ilé tí wọ́n ti ń mu ún.

Bí èèyàn bá fẹ́ jáwọ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀?

Láàárín ogún ìṣẹ́jú, ìlùkìkì ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kejì, kábọ̀n mònósáìdì á ti sọ̀ nínú ọkọ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ewu àrùn ọkàn tí sìgá mú wá á ti dín ní ìdajì. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ewu pé kí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa á á wá sí bí ìdajì ti ẹni tí kò jáwọ́. Nínú ìwádìí àwọn dókítà yẹn, ẹni tó jáwọ́ ní ọmọ ọdún 60 gba bí ọdún mẹ́ta padà, ọmọ ọdún 50 gba mẹ́fà, 40 gba mẹ́sàn-án, 30 gba mẹ́wàá.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló le jù. Ìfẹ́ náà á dé bí ìgbì òkun, kì í sábà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, á sì tún lọ. Kí pákò wà lẹ́nu, kí omi wà nítòsí. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, àwọn ihò kọ́kọ́rọ́ àfikún á ti máa dí. Oúnjẹ á máa wu èèyàn jẹ, ó lè sanra ní kílò mẹ́rin tàbí márùn-ún, ìyẹn kò tó ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ padà.

Ilé oògùn ń ta ṣingọ́ọ̀mù nikotíìnì. Ẹni tó máa ń mu sìgá àkọ́kọ́ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó bá jí, kó lo ti mílígíráàmù 4. Ẹni tó lè dúró jù bẹ́ẹ̀, kó lo ti 2. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n máa jẹ ẹ́ bíi ṣingọ́ọ̀mù ọmọdé. Ẹ rún un díẹ̀díẹ̀ títí á fi máa ta bí ata lẹ́nu, ẹ wá fi í sí àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èrìgì, kó dúró síbẹ̀. Bí títa rẹ̀ bá ti rọlẹ̀, ẹ tún rún un. Bẹ́ẹ̀ ni títí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹnu ni nikotíìnì yìí ń gbà wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé itọ́ rẹ̀ mì á máa ní òsúkè àti àyà títa, kò sì ní rí ìtura kankan, á wá ní oògùn náà kò ṣiṣẹ́. Kọfí àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò kò gbọdọ̀ ṣáájú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹyọ kan láàárín wákàtí kan sí méjì ni ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, kó má ju 24 lọ lóòjọ́. Ọ̀pọ̀ kì í lò ó tó. Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara wà, àti oògùn oníhóró tí dókítà ń kọ, irú bíi varenicline. Ẹni tó bá ṣèèṣì mu ẹyọ kan lọ́jọ́ kẹsàn-án kò tíì padà síbẹ̀rẹ̀, kó máa bá ìjáwọ́ rẹ̀ lọ. Púpọ̀ àwọn tó jáwọ́ ló gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kó tó rí bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí wọn kì í sábà sọ fún ẹni tó ń jáwọ́. Èéfín sìgá ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè yọ́ àwọn oògùn kan dànù, pàápàá díẹ̀ nínú àwọn oògùn àìsàn ọpọlọ. Bí èéfín bá dáwọ́ dúró, ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀ lè wá pọ̀ jù fún un, nítorí náà, kó sọ fún dókítà rẹ̀ ṣáájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni káfíìnì inú kọfí àti inú obì ṣe ń rí. Ẹni tó ń jẹ obì mẹ́ta lóòjọ́ nígbà tó ń mu sìgá, bó bá ń jẹ mẹ́ta kan náà lẹ́yìn tó jáwọ́, káfíìnì rẹ̀ á pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Àyà á máa já a, oorun kò ní kùn ún, yóò sì máa rò pé àìmu sìgá ló ń ṣe òun. Kó dín obì náà sí ìdajì láti ọjọ́ àkọ́kọ́.